Gbogbo Àtẹ̀jíṣẹ́ Wọn Ni Mo Fèsì Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín? Mo gbà á ládùúrà pé ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà dáadáa. Àbúrò rẹ obìnrin ti gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kò tíì wọlé tó ti ń fọwọ́ kan gbogbo wa níwájú orí bóyá ibà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpín bàbá yín ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Má ronú mọ́. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo sì ti dé.

O mọ̀ pé nígbà tí bàbá yín fẹ̀yìntì ní ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì, ìpín ló fi owó rẹ̀ rà níbẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àbíkẹ́yìn yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti ìgbà tó ti ṣaláìsí, tí mo bá ń kọjá níwájú ilé iṣẹ́ yẹn, ògiri apá òsì ni mo máa ń wò, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni tiwa bọ́ sí, mo tiẹ̀ ti sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ó tó àkókò kí wọ́n kùn ún. Àwọn alágbàtà tó ń bá wa tọ́jú ìpín náà wá ní òṣìṣẹ́ kan tí mo ń pè ní Onítáì, torí táì rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Onítáì yìí ló ta ìpín bàbá yín láìbi mí, tó fi owó rẹ̀ ra ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, èmi tí òòyì ń kọ́ lórí àga. Nígbà tí wọ́n wá ní ti ọkọ̀ òfurufú ti já wálẹ̀, mo figbe ta, mo bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní owó ìpín ló já, kì í ṣe ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ nítorí àwọn èrò, lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi.

O sọ lórí fóònù pé kí n gba owó kékeré tí àwọn alágbàtà fi lọ̀ mí, kí n buwọ́ lùwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, torí ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n sì ní lọ́yà. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò buwọ́ lu nǹkan kan. Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn alágbàtà ni mo gbà lọ. Òkè kẹta ni, ẹsẹ̀ ni mo fi gun àtẹ̀gùn, torí yàrá irin tí wọ́n ní kí n wọ̀ kò ní fèrèsé kankan. Obìnrin onígíláàsì kan ló ń gbọ́ ẹjọ́ náà, ọ̀gá àwọn alágbàtà jókòó lọ́wọ́ kejì pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀.

Lọ́yà ní Onítáì ló dá a ṣe, pé wọ́n ti lé e, kí n lọ bá a nílé rẹ̀. Mo ní mi ò mọ ilé rẹ̀ o, orí àga yín ni mo ti bá a, owó iṣẹ́ tó yọ lára ohun tó tà, àpò yín ló wọ̀. Obìnrin onígíláàsì bi ọ̀gá wọn bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gá yíjú sí lọ́yà rẹ̀. Ni lọ́yà bá gba ibòmíràn yọ, ó ní gbogbo ohun tí Onítáì ṣe ni ẹ̀rọ wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi, mo sì dákẹ́, mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ta ló dákẹ́? Ìwọ fúnra rẹ lò ń bá mi jà pé ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn, kí n yé fi owó káàdì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n láàárọ̀ kùtù, kí n wá ṣe bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Mo yọ fóònù, mo gbé e fún obìnrin náà. Ó kà á sókè. Níbi tí wọ́n ti ní àwọn ti ta ìpín símẹ́ńtì, èsì mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: mo kí wọn, mo béèrè àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ìpín ọkọ mi padà, mi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ra ti ọkọ̀ òfurufú, mo ní rárá o, kí wọ́n bá mi kí Onítáì, kí wọ́n sọ fún un pé kó gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò lára nǹkan mi. Mọ́kànlá ni èsì mi. Nígbà tó fi máa ka ìkarùn-ún, lọ́yà fúnra rẹ̀ ti ń fi fáìlì bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bi wọ́n bóyá nọ́ńbà yẹn ń gba èsì. Ọ̀gá ní ó ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kà á. Obìnrin náà ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ó wá dájọ́ pé kí ilé iṣẹ́ alágbàtà ra ìpín símẹ́ńtì náà padà, iye tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú èrè tí ì bá ti wọlé, láti àpò tiwọn. Wọ́n ti ṣe é. Mo ti fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lùwé kí wọ́n ta ìwọ̀nba tí àbúrò rẹ yóò fi wọlé. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ gbé ìyókù lọ sọ́dọ̀ alágbàtà mìíràn, mo ní rárá, àwọn yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè, mi ò lè tún máa lọ kọ́ àwọn mìíràn.

Wọ́n ti fi ọmọbìnrin kan sídìí kíka èsì báyìí. Èmi àti ẹ̀ ti ń kọ̀wé síra wa, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Nítorí náà, fi owó káàdì ránṣẹ́, má jẹ́ kó kéré, torí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ náà gùn. Fi owó bàtà àbúrò rẹ kún un.

Ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ ṣe ohun tí o kò rán an, ojú yóò tì í níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibi tí o kò bá sí, ire ni wọn yóò máa fi orúkọ rẹ ṣe. Kí o sì tètè dá mi lóhùn o, àwọn alágbàtà pàápàá ti ń dáhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.