Fọ́ọ̀mù Tí Ọ́fíìsì Rẹ Ní Kí N Kọ̀rọ̀ Sí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣe dáadáa sí ọ? Kí Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, kí ohunkóhun má dín lára rẹ, títí kan èékánná. Àmín. Èmi náà wà. Orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọjọ́ orí ni, mo ní kí ló dé tí kò yọ òun lẹ́nu nígbà tó jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n, ó ní torí pé òun kì í jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò orí iná.

Ilé wà bó ṣe wà. Mo ti parí ilẹ̀kùn ìsọ̀ télọ̀, obìnrin ọ̀kánkán wa, ó sì dúpẹ́. Òrùlé tó ń jò lórí yàrá tí ìyá rẹ ń kó aṣọ sí, mo ti gùn ún, mo ti dí i. Àwọn aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó pé oṣù méje tó ti kú, mi ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo rí yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́, mo rí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò léra bí pátákó inú ìsọ̀ mi, mo sì rí àwọn iná tín-ín-tìn-tín ara wọn. Mo kà wọ́n. Méjìlélógójì jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jí, mo máa ń ṣí fọ́tò náà wò bóyá ara ọ̀kan pupa yẹn ti yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, pupa ló ṣì wà. Télọ̀ ní bàbá, fọ́tò kì í yí padà o. Mo ní ti ara ògiri ni kì í yí padà, inú fóònù ni èyí wà, fóònù náà sì ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun gbàgbé abẹ́rẹ́ sílé. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, tọ́jú èyí tó pupa yẹn. O ní iṣẹ́ rẹ ni kí kọ̀ǹpútà gbogbo ọ́fíìsì má dákẹ́, kí wọ́n má lọ sọ pé ìwọ lò ń ṣọ́ ọ nígbà tó dákẹ́.

Nípa àwọn ohun tí o sọ pé o fi ń najú, o ní ní gbogbo Sátidé, ẹ̀yin mẹ́wàá máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní ogójì kìlómítà, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti gbéra. Mo rò ó títí. Ẹ ò gbé ẹrù. Ẹnikẹ́ni ò rán yín níṣẹ́. Kí lẹ máa ń gbàgbé síbi tí ẹ ti gbéra? Tòmátò tí o gbìn sínú àpótí kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ ńkọ́, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ ẹ́ títí o fi máa mọ ohun tó pa kọ̀ǹpútà náà. Ọkùnrin tí ẹ jọ ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lórí ẹ̀rọ, tí o kò rí rí, tí o sì máa ń nà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, jẹ́ kó jẹ lẹ́ẹ̀kan. A ò mọ bàbá rẹ̀, a ò mọ bó ṣe ń bínú. Ìyá rẹ mọ dráàfù jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé ojú mi fẹ́ pọ́n, á ṣe bí ẹni pé òun ò rí ọ̀nà. Mi ò mọ̀ títí ó fi sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Inú bí mi, lẹ́yìn náà a jọ rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá.

Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀rọ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. O ní ó gbọ́dọ̀ tutù tọ̀sán-tòru, o ní kò ní fèrèsé, o ní àtàǹpàkò rẹ nìkan ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ irú yàrá tútù bẹ́ẹ̀ láyé mi, ní mọ́ṣúárì, lọ́jọ́ tí a lọ gbé ìyá rẹ, ìwọ lo di apá mi mú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò nílò kí ilẹ̀kùn ṣí. Ìwọ nílò rẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ nínú ibẹ̀ ńkọ́, tí àtàǹpàkò rẹ wà nínú pẹ̀lú ìyókù ara rẹ, ta ni yóò ṣí i láti ìta? Mo ti gbẹ́ igi kékeré kan, màá fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Fi há abẹ́ ilẹ̀kùn nígbàkúùgbà tí o bá wọlé. Bí ọ̀gá rẹ bá ní òtútù ń jáde, sọ fún un pé bàbá rẹ tó jẹ́ káfíńtà ló ní kó máa jáde.

Inú ìpayà yìí ni mo wà tí awakọ̀ fi gbé fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì rẹ dé, pé kí n kọ̀rọ̀ sí i kó padà kí oṣù tó parí. Mo ka àkọlé rẹ̀: Ẹni tí a ó pè bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ yìí. Kí ni wọ́n mọ̀ tó fẹ́ ṣẹlẹ̀? Mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó ní gbogbo ọ́fíìsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé lásán ni, kí n yé ṣe bí adìẹ tí òjò pa. Mo ní bó bá jẹ́ ìwé lásán, kó kọ orúkọ ọmọ tirẹ̀ sí i. Ó ní kí n gbé ìwé mi kúrò lórí tábìlì òun.

Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé orúkọ kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Orúkọ ìyá rẹ ni. Ìlà náà tọ́ gan-an, rúlà ni wọ́n fi fà á. Mo da ojú fọ́ọ̀mù náà délẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Àná ni mo fọwọ́, tí mo jókòó tì í. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe jẹ́ sí òṣìṣẹ́, mo kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ni mí, a sì wà dáadáa, àfi pé kì í jẹun lásìkò. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ mi, mo kọ káfíńtà, mo sì fi kún un pé bí wọ́n bá ní tábìlì tó ń mì, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ́fíìsì nìkan ló lè lò ó, àyè ibẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀, mo bá kọ àdúrà fún ọ́fíìsì.

Kí n má gbàgbé, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti ìṣó àti ti káàdì fóònù. Ti ìṣó lè dúró. Ti káàdì ni kò lè dúró, nítorí mi ò fẹ́ kí fóònù mi ṣófo lọ́jọ́ tí o bá pè, kó má di pé kò ní ohun tí yóò fi dá ọ lóhùn.

Ó wá ku àyè nọ́ńbà fóònù. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ọsibítù, mo wálé láti wá parí iṣẹ́ kan ni, mo ń fá pátákó lọ́wọ́. Obìnrin kan dárúkọ ìyá rẹ, ohùn rẹ̀ rọ̀. Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè, mo sì pa fóònù. Mo mọ̀ pé wọn ò ṣì í. Ó tún pè, mo tún ní wọ́n ṣì í. Nígbà kẹta ni mo tó jẹ́ kó sọ ọ́. Mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àjèjì mọ́ láyé yìí.

Nítorí náà, nọ́ńbà tìrẹ ni mo kọ síbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kí wọ́n pè ọ́, kí ìwọ fúnra rẹ sì pè mí. Mi ò ní sọ pé o ṣi nọ́ńbà. Ọ̀gá rẹ lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, má jẹ́ kó yí i padà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà yẹn, ìwọ ni wàá máa gbé e.

Èmi ni,
bàbá rẹ.