Iyọ̀ Inú Afárá

                                        Agboolé Hunsu,
                                        Lójú ọ̀nà Ikoga,
                                        Aradagun, Àgbádárìgì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Títílọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé Ìfẹ́ ọmọ yín ti bọ́ lọ́wọ́ ibà tó ń ṣe é? Ara tèmi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Má fi mí ṣẹ̀sín o. Ìwọ lo sọ ọ́ nígbà tá a wà ní yunifásítì pé iṣẹ́ ìjọba tí mo fẹ́ràn yìí máa pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ kan. Ó jọ pé ọjọ́ náà ti pé.

O rántí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí mo ní káńsù wa ń kọ́ sórí odò ẹ̀yìn abúlé àwọn ọkọ mi. Èmi ni ẹnjiníà tó ń bójú tó o. Sewanu, àbúrò Jethro ọkọ mi, ni agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ọ. Mo bẹ ọ̀gá mi kó fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, ó ní ta ló kù? Àwọn ẹnjiníà yòókù ti kó lọ sí Kánádà tán.

Ìwọ náà mọ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Wọ́n ti bí Sewanu kí n tó wọlé wọn, torí náà ọkọ ló jẹ́ sí mi. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ lójú àwọn ará ilé. Adúmáradán ni mò ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti ń kí i, àní ní sáìtì, pẹ̀lú akoto lórí mi. Àwọn lébìrà a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé sáìtì, mo rí òkìtì iyanrìn funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Iyọ̀! Iyanrìn òkun ni. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn odò ò rí ọ̀nà wọlé mọ́, Sewanu bá lọ kó ti etí òkun. Kì í ṣe olè, Títílọlá. Ó gbà tọkàntọkàn pé òjò ti fọ iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó sì ní iyanrìn òkun náà ni bàbá àwọn fi kọ́ ilé tí mò ń sùn sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé bàbá wọn ò ní irin nínú. Irin ló gbé afárá yìí ró, iyọ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i títí ọjọ́ tí yóò já.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Adúmáradán mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ yìí dúró, kẹ́ ẹ wó èyí tẹ́ ẹ ti dà." Gbogbo sáìtì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mò ń bá ọkọ mi ṣeré ni! Sewanu fà mí dìde, ó ní, "Ìyàwó wa, a ti gbọ́," ó sì ní kí wọ́n máa po kọnkéré lọ. Ká ní mo dúró jágbe mọ́ ọn, ìyàwó aláfojúdi ni wọn ì bá pè mí. Mo kúnlẹ̀, eré ni wọ́n pè é. Èwo ni kí n ṣe?

Wọ́n ti parí ẹ báyìí. Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ ẹbí mi ni, kí n lọ yanjú ẹ nílé. Jethro, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní ẹnubodè Seme, ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kí n má gbé e wọlé. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń retí kí n fọwọ́ sí i pé afárá náà dára. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá ọkọ mi. Màmá Miriam ò fi mí ṣe ìyàwó, ọmọ ló fi mí ṣe. Òun ni àwọn ará abúlé yàn pé kó kọ́kọ́ gba orí afárá náà kọjá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, torí pé ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sì ṣe ẹnjiníà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa gba ibẹ̀ lọ sọ́jà.

Mi ò ní fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí o lè jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, bí àyà mi bá tún fẹ́ já. Bí o bá gbọ́ pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ tàbí nílé ọkọ, o ti mọ ìdí rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá Ìfẹ́ mọ́ra fún mi. Mi ò tíì sọ fún Màmá. Ó ti ra bàtà tuntun fún ọjọ́ náà. Ó ń fi rìn káàkiri pálọ̀ báyìí kó lè bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì ń pè mí pé kí n jáde wá wò ó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rọ́nà gbé e gbà,
Moyọ̀sọ́lá.