Ilé Ìwé Tí Wọ́n Yàn fún Fọlákẹ́

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹjọ, 1984

Wọ́n ti yan ilé ìwé fún Fọlákẹ́. Wọn ò bi èmi tí mo bí i, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ọ̀hún gan-an.

Àbúrò ọkọ mi ló dé láti Èkó lẹ́yìn ìsìn. Kò tíì jẹun tán tó fi ní, “Ibi tí gbogbo wa ti jáde náà ni kó lọ. Orúkọ ìdílé wa wà níbẹ̀.”

Orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tíṣà kẹ́mísìrì ni kò sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn ará Gánà lọ, làábù ti di ibi tí pirinsípà ń kó iṣu sí.

Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin yìí ní bàọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, Bọ̀dá ni mo gbọ́dọ̀ máa pè é. Mo wojú ọkọ mi. Ó ń wá ẹran nínú ọbẹ̀.

“Àbí kò tẹ́ ìyàwó wa lọ́rùn ni?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bọ̀dá.”

Ìgbà tí mo dìde ni mo rí Fọlákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó ní dókítà lòun fẹ́ ṣe. Kò sunkún. Ó kó abọ́ tí Bọ̀dá fi jẹun, ó lọ fọ̀ wọ́n.