Ẹni Tó So Ẹkùn Ẹ̀kọ́ Méjì Pọ̀

Ní ọdún 1947 ni wọ́n bí ìyá wa nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Télọ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn. Bàbá wọn a máa ní kí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n máa kàwé sókè. Bí ohùn wọn bá kọsẹ̀, bàbá á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ọ̀rọ̀ yìí náà ni ìyá wa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé títí tó fi di orúkọ wọn.

Ní 1969, wọ́n parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ní 1972, wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tó wá tún bẹ́ǹṣì ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ṣe, tí iṣẹ́ ọ̀hún kò sì tán bọ̀rọ̀.

Ní 1989, wọ́n di alábòójútó ẹkùn ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń pín ìwé kan kà. Ní òdìkejì afárá, ní ẹkùn òkè, kálukú ló ní tirẹ̀. Ìyá wa lọ bá alábòójútó ibẹ̀.

Ó ní, "Màdáàmù, kálukú ló ń ro oko tirẹ̀."

Ìyá wa ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ wo èsì àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn nínú kíláàsì tiyín."

Wọ́n jọ wò ó. Ọmọ àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn agbálẹ̀ ẹkùn òkè náà kò mọ̀wé kà. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó sì gbà pé kí ẹkùn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ àti ìwé ti ń sọdá afárá, tí ẹkùn méjèèjì jọ ń ṣe ìdánwò kan ṣoṣo. Àwọn òbí kan ń pariwo pé, "Ṣé olùkọ́ ọmọ wa lẹ fẹ́ fi tọrẹ ni?" Ìyá wa ń lọ bẹ̀ wọ́n láti ìpàdé dé ìpàdé, títí ẹsẹ̀ wọn fi ń wú.

A kò ní purọ́ torí pé òkú wà nílẹ̀: ó dun àwa ọmọ pé wọn kì í sábà wà nílé. Ní 1994, àbíkẹ́yìn wa fìdí rẹmi nínú ìwé kíkà. Bàbá wa ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, ò ń gba ọmọ ọlọ́mọ là, tìrẹ ń rì nínú ilé." Ìyá wa jókòó sórí ibùsùn, wọ́n sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọmọ náà lọ bá olùkọ́ kan ní ẹkùn òkè. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé kà.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn, wọ́n sì máa ń tòògbé nígbà ìwàásù.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2007. Àwọn tó gba ipò wọn pa ìpàdé ẹkùn méjèèjì tì, ìwé kò sọdá afárá mọ́. Ọdún gbọọrọ ni ìyá wa fi ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì láti bẹ̀ wọ́n, tí àwọn yẹn ń ní kí ìyá padà wá lọ́la. Ní 2019, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ dá ìpàdé náà padà, wọ́n sì ní kí ìyá wá sọ̀rọ̀. Ìyá wa ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Àlàfo yẹn dín kù, kò tíì dí. Ẹ bá mi tì í síwájú."

Ìyá wa dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní 2023, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Bàbá wa gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti káfíńtà, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé tí a kò lè kà tán.

Màámi, a mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù. A kò ní kí ẹ dìde wá ṣe é. Ẹ ti ṣe tiyín. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Olúwa gba ẹrù lórí yín. Ẹ sùn re o.