Aṣọ Tí A Fi Ń Di Àgbọ̀n

Ìyá mi,

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ kú, lọ́dún tí owó sẹ́fà já wálẹ̀. Àṣàbí, ìyàwó mi, kú nígbà tí a ń wa iṣu ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi ni mo fi aṣọ di àgbọ̀n ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹnu yín má baà là sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé yín jáde. Mẹ̀mùná, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ mọ̀ pé mi ò lọ sílé ìwé.

Àgbọ̀n tèmi ló wá ń dà mí láàmú. Láti ìgbà tí Àṣàbí ti lọ ni mo ti ń pa eyín keke lójú oorun. Bí mo bá la ẹnu, oríkèé tó wà níwájú etí á dún kẹ̀. Èmi tí mo máa ń bu òkèlè iyán ńlá, ọbẹ̀ lásán ni mò ń lá. Ẹran tí wọ́n bá bù fún mi, àwọn ọmọ ilé ló ń jẹ ẹ́. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi òrí gbígbóná ra mí lẹ́rẹ̀kẹ́? Ta ló máa bá mi ra á báyìí?

Mẹ̀mùná fi alùpùpù gbé mi lọ sí Savalou. Obìnrin òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ lásán tọ́jú egungun àti iṣan. Ọsiteopáàtì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ mí lọ́rùn, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó ń tẹ iṣan tó ti le bí okùn. Ó dùn mí, ó sì tù mí, mi ò ní purọ́. Ó sọ Faransé, Mẹ̀mùná sì túmọ̀ rẹ̀:

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n yín wálẹ̀. Ẹ má dì í mú.”

“Òkú ni àgbọ̀n rẹ̀ ń wálẹ̀, Mẹ̀mùná.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má dójú tì mí.”

Mo gbìyànjú. Àfi bó ṣe mú aṣọ tó rẹ sínú omi gbígbóná, ó gbà á lábẹ́ àgbọ̀n mi, ó fẹ́ so ó lókè orí. Ìyá, mo fò dìde! Mo já aṣọ náà sọnù, mo sáré jáde láìwọ bàtà. Ta ló ń di àgbọ̀n alààyè? Àwọn tó jókòó síta ń rẹ́rìn-ín. Ooru lásán lobìnrin náà fẹ́ kó wọ iṣan. Títí a fi délé ní Bantè ni Mẹ̀mùná ń pariwo rẹ̀ mọ́ mi.

Mo ti gbọ́. Síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ìborùn yín ni mo fi di tiyín, ìborùn Àṣàbí ni mo fi di tirẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ le. Ṣé mo fà á jù? Ṣé ó dùn yín? Àbí ẹ ṣì ní nǹkan kan láti sọ nígbà tí mo so ó?

Ebi ń pa mí, ìyá. Mẹ̀mùná fẹ́ ká padà lọ.

Mẹ̀mùná, kọ èyí náà sí i: ọ̀rọ̀ àgbọ̀n mi ti di tìrẹ. Ọjọ́ tó o bá gbé alùpùpù síta, màá gun ẹ̀yìn rẹ. Ìwọ ni kó o gbé aṣọ gbígbóná náà lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ni kó o fi dì í mú, má so ó. Síso rẹ̀ ṣì ń bọ̀, ìwọ náà ni wàá so ó. Kó o rọra so ó.

Ẹ sùn re, ìyá mi.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ fi òrí ra lẹ́rẹ̀kẹ́.