Ewé Mọ́kànlélọ́gọ́ta Lórí Ibojì Ẹfúnkẹ́

Abúlé Ṣóbándé,
Lẹ́yìn Ọ̀tà.

Fẹ́yìsetán, Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara Ọmọ́túndé ọkọ rẹ le? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà, ẹ kú ariwo oríta Jójú tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín kò ní gé ọ níka. Ohun tí o ń wá lọ sí Sángò, òun náà yóò máa wá ọ bọ̀ wálé. Àmín. Tí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́.

Adéṣọlá ọmọ rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́dọ̀ mi, orí kò sì fọ́ ọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan funfun báláú, òun ló sì ń jẹ ọṣẹ mi. Òjò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kàfáyá tó máa ń bá mi fi iná bọ́ fóònù ní kí n kí ọ, ó ní fóònù mi ti ń jẹun jù, kò sì ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. O ránṣẹ́ pé táìsì dídán tí a fẹ́ fi bo ibojì ìyá rẹ kò ní ṣeé ṣe mọ́ kí ọdún tó pé, pé ọlọ́jà tó wà ní Ojú Ọ̀rẹ ti fi fóònù ṣírò rẹ̀ fún ọ, owó tí o tù jọ kò sì débẹ̀, ká jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo gbọ́. N kò tètè fèsì nítorí omi bọ́ lójú mi sórí fóònù, ẹ̀rù sì bà mí pé yóò bàjẹ́. Mo ti ṣèlérí fún Ẹfúnkẹ́ lọ́jọ́ tí a sin ín pé kò ní pé ọdún kan nínú sìmẹ́ńtì lásán. O mọ ìyá rẹ, kò fẹ́ràn kó jókòó láìwọṣọ tó dáa kí àlejò tó dé.

Má rò pé n kò gbìyànjú láti kún fọ́ọ̀mù tí ọlọ́jà yẹn gbé sórí fóònù. Mo kún un. Wọ́n fi ìràwọ̀ pupa sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn, mo rò pé mo ti yege kí n tó dáhùn. Ìgbà tó yá, fóònù ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo dìde, mo gbé Bíbélì, mo búra tọkàntọkàn. Kò gbà á. Ó kó àwòrán ọ̀kadà síta, ó ní kí n tọ́ka sí wọn. Mo ní n kò mọ ẹni tó ni wọ́n, n kò sì ní parọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ. Báyìí la ṣe pín yà.

Ọjọ́ kejì tí Adéṣọlá dé, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń sunkún sórí ìwé rẹ̀. Ó ní olùkọ́ ìṣirò ní kí àwọn wá bí gbogbo ara páálí àti agolo ṣe fẹ̀ tó, lókè, nísàlẹ̀ àti yíká, gbogbo ibi tí ọwọ́ lè kàn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá rẹ̀ àgbà pọ́n ẹ̀kọ fún ogójì ọdún, kò fi rúlà wọn nǹkan kan rí, tó bá ti fojú wo ohun kan, ó ti mọ iye ewé tí yóò bò ó. Àwa náà bá já ewé eéran, a fi wé agolo mílíìkì. Nígbà tí a tú u, àṣé ewé tó yí agolo po, tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, gbọrọ ló rí bí ẹní, pẹ̀lú róbótó méjì, ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ìdí. Mo wò ó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí mi. Ohun tí mo ti ń rí ní róbótó láti kékeré, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹní ni. A ṣe ti páálí ṣúgà náà, ojú mẹ́fà ló ní. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ní kí a lẹ páálí méjì mọ́ra. Ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn kò gba ewé mọ́. Ìyẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ronú kan ibojì. Ṣọládé bíríkìlà gbàgbé táìsì kan sílé wa, mo gé ewé kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, èmi àti ọmọ rẹ bá ń tò ó sára ìyá rẹ. Mọ̀nsúrát aládùúgbò wa dúró, ó ní ṣé mo fẹ́ pọ́n ìyàwó mi bí ẹ̀kọ ni. Mo ní ó tọ́ sí i. Orí ibojì gba mọ́kànlélógún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gba mẹ́rìnlá, ti òsì náà mẹ́rìnlá. Ìbú orí mẹ́fà, ìbú ẹsẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Adéṣọlá tẹ fóònù, ó ní méjìlélọ́gọ́rin ni ti ọlọ́jà. A tún un kà. Ó ní fóònù kì í ṣì í, páálí gbọ́dọ̀ ní ojú mẹ́fà, àwa sì ka márùn-ún. Mo wá bi í pé ta ni yóò wọ abẹ́ ibojì lọ lẹ táìsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí ibojì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilé Ifẹ̀, àmọ́ fóònù ò sin òkú rí. Owó ìsàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, Àṣàbí, ìsàlẹ̀ tí ìyá rẹ fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá rẹ. Atẹ́gùn rọra ń gbé ewé yẹn sókè, ó ń dá a padà, bí ẹni tó ń mí. Mo rí i lójú àlá, ó jókòó ti ìkòkò, èéfín bo ojú rẹ̀, ó ń já ewé, ó sì ń fọwọ́ gbá àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó. Mo jí, mo ṣì ń gbóòórùn ẹ̀kọ gbígbóná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ọmọ mi. N kò sọ fún un tó.

Mo fi ewé kan nínú àwọn tí a gé sínú àpò ìwé yìí, kí ọlọ́jà má bàa rẹ́ ọ jẹ. Tó bá ti gbẹ tó sì súnkì, ní kó rẹ ẹ́ sómi kó tó wọ̀n ọ́n. Jọ̀ọ́, fi owó karosíìnì ránṣẹ́ sí mi, àti ti òróró orúnkún, àti ti ọṣẹ tí ewúrẹ́ jẹ. Ọmọ tí o bí yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú mi. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ó ku ohun kan tí n kò jẹ́ kí Adéṣọlá gbọ́, torí ẹkún rẹ̀ kì í jìnnà. Má ra mọ́kànlélọ́gọ́ta yẹn. Yọ mẹ́rìnlá ẹ̀gbẹ́ òsì kúrò, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni kí o san owó rẹ̀, bóyá owó ọwọ́ rẹ á tó o báyìí. Mo ti bá Ṣọládé sọ ọ́, ó ti mọ̀ pé kí òun fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àyè mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé mi débẹ̀, kí ẹ lẹ̀ mí mọ́ ọn dáadáa, kí àyè ewé kan má ṣe wà láàárín wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọláwẹwọ́ Ṣóbándé.