Ọbẹ̀ Tí Mo Dà Sórí Ẹran Bàbá Hae-rim

Sang-u ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Incheon ò mú ọ jù? Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ara èmi àti ìyá rẹ le, aáyù ti hù, màlúù wa ti bímọ, abo ló bí. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bínú, torí inú ń bí mi, Sang-u, inú ń bí mi gan-an.

Mo gbọ́ pé bàbá Hae-rim ti sọ fún yín pé òun ò fún ọ lọ́mọ mọ́, pé òun ò lè bá irú èmi ṣe àna. Ó dáa. Ìwọ àti Hae-rim ò sí níbẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí ẹ tètè dé, ẹ fi bàbá méjì tí ò mọra rí sílẹ̀ kí wọ́n máa wojú ara wọn. Torí náà gbọ́ tẹnu mi.

Ta ló ń pàdé àna nínú ọjà, àní ọjà Incheon yín níbẹ̀ yẹn? Mo wọ kóòtù, mo so táì, àfi bí mo ṣe gba àárín àwọn tó ń ta ẹja àti kábéèjì kọjá, ó di ìdí káńtà kan tí wọ́n ti ń ta jajangmyeon, núdù ọlọ́bẹ̀ dúdú yẹn, àga ibẹ̀ ga bí igi tí adìyẹ ń sùn lé. Bàbá Hae-rim ní ibẹ̀ lòun ti ń jẹun lójoojúmọ́, torí kò jìnnà sí ibi tí òun ti ń ta ẹja, pé oúnjẹ wọn ò láfiwé. Kò purọ́ níyẹn o.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ta oúnjẹ, wọ́n ní kí n lọ bá ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pé òun ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ fún. Mo kí i. Mo ní èmi ni Pyo Deok-bae, tí ẹnikẹ́ni ò lè bá du aáyù gbígbìn ní gbogbo Goheung, tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré torí pé ohun tí tíṣà mọ̀ ti tán. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ò kí mi padà, ó ṣáà ń ní kí n fi káàdì sí i. Mo fi káàdì àgbàlagbà tí ìjọba fún mi sí i, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ìjọba mọ̀ mí, ìwọ ò mọ̀ mí? Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé. Bàbá Hae-rim ló wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ni ẹnu ẹ̀ bá pa mọ́.

Òùngbẹ wá ń gbẹ mí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníkálukú lọ bu omi fúnra ẹ̀. Ṣé àlejò ló ń pọnmi? Mo wo bàbá Hae-rim, irun ẹ̀ dúdú kirikiri, tèmi funfun bí òwú, mo mọ̀ pé èmi lẹ̀gbọ́n. Mo ní, àbúrò, dìde, lọ bu omi wá, kí o bu kimchi, kábéèjì kíkan aláta yẹn, sí i. Ó wò mí, ó lọ bù ú wá. Mo sọ nínú mi pé áà, èèyàn dáadáa lèyí.

Ni tangsuyuk bá dé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín, ó gbẹ ó rí ṣákáṣáká, ọbẹ̀ dídùn ẹ̀ wà nínú abọ́ lọ́tọ̀. O mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé, wọ́n ti máa ń da ọbẹ̀ bò ó kí wọ́n tó fi ọ̀kadà gbé e wá fún wa. Mo rò pé àwọn ará ibẹ̀ gbàgbé ni. Mo gbé abọ́, mo dà á lé ẹran lórí títí abọ́ fi gbẹ, mo ní àna, ó yá, máa jẹun. Ọ̀wọ̀ ni mo fi wọ̀ ọ́ o!

Ọkùnrin yìí fi igi ìjẹun sílẹ̀. Ó ní kí ni mo ṣe yẹn. Ó ní òun máa ń ti ẹran bọ ọbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, kó lè máa dún lẹ́nu òun, pé mo ti sọ ọ́ di kànìnkànìn tó sùn sómi. Mo ní ẹran wo ni kì í rọ̀ tó bá dénú ikùn? Ó ní ẹ̀yin ará oko, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe. Mo ní ìwọ tó ń rùn bí ẹja, àgbà lò ń bá wí bẹ́ẹ̀? Ó yọ káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀, ó gbá a mọ́ káńtà. Sang-u, ó jù mí lọ! Aró ló wà lórí ẹ̀, ó ní Hae-rim ló ní kí òun pa irun láró torí ọjọ́ náà. Ó ní òun ẹ̀gbọ́n bu omi fún àbúrò, òun gbé e mì nítorí ọmọ òun, ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè béèrè kó tó da ọbẹ̀, kò ní béèrè kó tó da ayé ọmọ òun rú. Ó dìde, ó lọ. Gbogbo ọjà ń wò mí. Mo fi ìbínú jẹ ẹran náà tán, èmi nìkan, ó sì dùn!

Mo délé, mo rojọ́ fún ìyá rẹ, mo ń retí kó bá mi bínú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti délé mi, òun ò fẹ́ràn kí wọ́n da ọbẹ̀ sórí ẹran rí. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ti ẹ̀gbẹ́ àwo, tí ọbẹ̀ ò dé, lòun máa ń ṣà jẹ. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ? Ó ní ta ló bi òun? Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti wò ó níbi tó ti ń bó aáyù, inú á tún bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Torí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èmi àti ìyá rẹ. Má fi sínú fóònù mọ́ o! Èyí tí o ní o fi sí i lóṣù tó kọjá, mo tú fóònù náà palẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì Goheung kó bá mi mú un bọ̀. Sọ fún bàbá Hae-rim pé mi ò wá bẹ̀ ẹ́ o, ìran Pyo kì í bẹ̀bẹ̀. Ìdí káńtà yẹn náà ni ká ti pàdé. Èmi ni màá bu omi. Tí ẹran bá dé, màá bi ìyá rẹ, lẹ́yìn náà màá ní, ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n dà á? Tí wọ́n bá ní kí n má dà á, mi ò ní dà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yáa fún ọ lọ́mọ o, torí ìbéèrè yẹn máa wúwo lẹ́nu mi.

Ẹni tó jẹ́ kí ìwọ àti Hae-rim pàdé ò ní jẹ́ kí àwọn bàbá yín tú yín ká. Ilé rẹ á kún, àwo rẹ á kún, ẹni tó bá sì bá ọ jókòó ti àwo náà ò ní ṣa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ.

Èmi bàbá rẹ, tí inú ṣì ń bí,
Pyo Deok-bae